Owó Oṣù Gòkè, Ọjà Ti Sáré Kọjá Rẹ̀

Ní òru ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2024, aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí iná ọba kú jákèjádò Nàìjíríà. Ìjì kò jà, wáyà kò já. Ilé-iṣẹ́ TCN tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló lé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò ní yàrá tí wọ́n ti ń darí iná ní Benin, tí wọ́n sì ń pa ibùdó iná lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra ní Èkó, báńkì ò ṣílẹ̀kùn, ilé-iṣẹ́ ìjọba dá páropáro. Ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni iye tó yẹ kí òṣìṣẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá máa gbà bí oṣù bá parí. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 sọ pé N30,000 ni. Owó náà rí nǹkan rà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, náírà náà sì já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ọdún tó yí po, òṣìṣẹ́ tó ń gba N30,000 ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti gba owó ọ̀hún.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37 kalẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Bukar Goni Aji, tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ni alága wọn. Apá mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀: ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn NLC tí Joe Ajaero ń darí àti TUC tí Festus Osifo jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìṣirò wọn wá. Wọ́n ní ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà kò lè jẹun lójúmọ́ kí owó rẹ̀ má tó N9,000, èyí tó jẹ́ N270,000 lóṣù. Wọ́n ka owó ọkọ̀ sí N110,000, owó ilé sí N40,000 (ẹni tó ń wá yàrá ní Èkó lọ́wọ́ yóò ti bú sẹ́rìn-ín), wọ́n wá fi gáàsì, iná, omi, oògùn, aṣọ àti owó ilé ìwé ọmọ kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N615,000. Ìjọba dáhùn pé N48,000 ni ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ni ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tó ń ná aṣọ ní ọjà Gbági. Ẹni tó ń tà já a sí N494,000, ó tún já a sí N250,000. Ẹni tó ń rà fi díẹ̀ kún un, ó di N54,000, ó di N57,000, ó di N60,000, ó di N62,000. Àwọn gómìnà tilẹ̀ gbé ìwé jáde pé N60,000 pàápàá ju agbára àwọn lọ, pé bí àwọn bá san án, ìpínlẹ̀ mìíràn ò ní rí nǹkan kan fi ṣe ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn mọ́. Ọjọ́ kejì ìyanṣẹ́lódì ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá a dúró nítorí ìjọba ṣèlérí pé òun yóò kọjá N60,000. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, Ààrẹ àti àwọn olórí òṣìṣẹ́ fẹnu kò sí N70,000. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29. Àbádòfin kì í sábàá yára báyẹn ní Abùjá.

Inú òṣìṣẹ́ kò tíì dùn tán tí epo fi gbówó lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ilé epo NNPC ní Èkó gbé jálá epo kúrò ní N568 sí N855. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ó ti ń lọ sí N1,000. Òṣìṣẹ́ mìíràn wà tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san N70,000 náà rárá nígbà tí owó ọkọ̀ ti jẹ àfikún rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó oṣù ní Nàìjíríà ti máa ń tan èèyàn jẹ. Bí a bá ka òǹkà tó wà lórí ìwé, ńṣe ló ń ga ṣáá. Òfin àkọ́kọ́ lórí owó oṣù tó kéré jù lọ jáde ní ọdún 1981, nígbà ìjọba Shehu Shagari, lẹ́yìn tí NLC lábẹ́ Hassan Sunmonu yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ méjì. Iye rẹ̀ ni N125. Ó di N250 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, N5,500 ní ọdún 2000 nígbà Ọbásanjọ́ (N7,500 fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀), N18,000 ní ọdún 2011 nígbà Goodluck Jonathan, N30,000 ní ọdún 2019, kó tó wá di N70,000. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí ìwọ̀n dọ́là wò. N125 ti ọdún 1981 lé díẹ̀ ní 200 dọ́là. N18,000 ti ọdún 2011 tó nǹkan bí 116. N30,000 ti ọdún 2019 kò pé 100. N70,000 ti ọdún 2024, ní ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, kò pé 50 dọ́là. Lóòótọ́, dọ́là kọ́ la fi ń ra gàrí, iye tí ìjọba sì dá lé náírà ní ọdún 1981 ju bí ó ti yẹ kó rí lọ. Síbẹ̀, bí a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa jiyàn pé mẹ́síńjà ọdún 1981 rí nǹkan rà ju mẹ́síńjà òní lọ.

Ìjà náà ti pẹ́ ju òfin náà lọ. Nígbà Ogun Hítílà, ọjà wọ́n gógó ní Èkó. Ọdún 1942 ni ìjọba òyìnbó ti fi nǹkan kún owó iṣẹ́ kẹ́yìn. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba rí owó ìrànwọ́ gbà nítorí ìyàwó àti ọmọ wọn tó wà ní ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ dúdú ṣe sùúrù títí ogun yóò fi parí. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ béèrè kò pọ̀: kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ lórí ọ̀wọ́n ọjà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí COLA, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ sì jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀.

Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé, ni ìjọba ń bẹ̀rù jù. Wọ́n ti mú un ní ọdún 1943, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọdún 1945, ńṣe ni èrò ya lu ìgboro Èkó láti pàdé rẹ̀. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, wà lára àwọn tó dúró tì í. Obìnrin náà ti ń bá ìjọba fà á tẹ́lẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi agbára dá iye lé oúnjẹ ní ọjà. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta gàrí kò jìnnà síra, ó sì tọ̀nà.

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1945, reluwé dúró, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà dákẹ́, òṣìṣẹ́ PWD, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé. Ìjọba ti ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe pa nítorí pé ó gbè sẹ́yìn wọn. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ Tudor Davies wá láti ìlú òyìnbó, ó wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n fi ìdajì kún COLA gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti béèrè.

Hubert Ogunde, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíátà nígbà náà, sọ ọ̀rọ̀ yìí di eré ní ọdún kan náà, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos, ọlọ́pàá dá eré dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Èèyàn lè fi èyí mọ bí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ṣe ń dun ìjọba tó.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ sí ṣílè márùn-ún. Kò sí èyí tó tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìjọba yòókù ní Nàìjíríà nígbà náà.

Àwọn àgbàlagbà kò sì tíì gbàgbé Udoji. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ní kí wọ́n fi owó púpọ̀ kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé wìtìwìtì, ìjọba ológun Yakubu Gowon gbà á, wọ́n sì ka owó náà padà sí oṣù Kẹrin ọdún 1974. Àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan bọ́ sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Alùpùpù, rédíò, fáànù àti aṣọ tà bí ẹní ń jà á. Àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni náà fárígá pé tiwọn ńkọ́. Ọlọ́jà tó sì gbọ́ pé owó ti wọ̀lú kò dúró de ẹnikẹ́ni: ní ọdún 1975 yẹn, ọ̀wọ́n ọjà fi nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè.

Àwọn tí kò fẹ́ àfikún owó oṣù máa ń fi Udoji ṣe àpẹẹrẹ ní gbogbo ìgbà, pé bí a bá fi kún un, ọjà yóò kàn gbówó lórí ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àfikún ọdún 2024 kọ́ ló sọ oúnjẹ di góòlù. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ nínú N70,000, àjọ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè, NBS, ti sọ pé iye oúnjẹ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ó lé ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ọjà ló kọ́kọ́ sáré. Owó oṣù ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn.

Ta ni òfin náà tilẹ̀ bò? Kò bo ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25. Kò bo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́, tàbí ẹni tó ń gba owó lórí iye ọjà tó bá tà, tàbí alágbàṣe oko tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò ìkórè. Ẹ wo ilé ìwé aládàáni kékeré kan ní àdúgbò yín: olùkọ́ mẹ́wàá, ẹni tó ń dáná, ọlọ́dẹ kan. Kò pé 25. Olùkọ́ tó fi gbogbo òwúrọ̀ kọ́ ọmọ yín ní ABD, tó ń gba N35,000, kò rú òfin kankan, ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà kò rú òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin tó ń dúró láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ.

Ìwádìí NBS fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, 84 ló ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ẹ̀rìndínlógún tó kù ni ẹlòmíràn ń sanwó fún, àwọn kan nínú wọn sì wà ní irú ṣọ́ọ̀bù tí a sọ yìí. Ariwo tó bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀, tó pa iná ọba, tó ti pápákọ̀ òfuurufú, orí ìdá díẹ̀ yìí ló dá lé.

Àmọ́ ìyá tó ń ta búrẹ́dì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Ọ̀ṣun. Ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì já lọ́jà àgbáyé tí ìpín tó ń wá láti Abùjá sì rù, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá kò rí owó oṣù san fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣètò pé àwọn òṣìṣẹ́ ìpele kìíní dé ìkeje yóò máa gba owó wọn ní kíkún, àwọn tó wà láàárín yóò máa gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ yóò máa gba ìdajì. Títí di ọdún 2018 ni ètò náà wà. Ní ìlú tó jẹ́ pé owó oṣù ìjọba ló ń gbé ọjà ró, ìwé gbèsè ọlọ́jà ló kọ́kọ́ ń kún: orúkọ tíṣà, iye ìrẹsì tó gbà láwìn, “dìgbà tí owó bá dé”, orúkọ tíṣà mìíràn. Bí ìdajì bá dé, ìdajì gbèsè ni wọ́n ń san. Ọlọ́jà náà kò sì lè sọ fún ẹni tó kó ọjà fún un láti Ìbàdàn pé kó gba ìdajì.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni bí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ṣe ń yanjú aáwọ̀. Òfin aáwọ̀ ibi iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ní kí òṣìṣẹ́ kàn dìde lọ́jọ́ kan kó lọ sílé. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí wọ́n wá onílàjà, kí wọ́n fi tó mínísítà létí, kó lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùdájọ́, kó tó dé Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì kò ní gba owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn kì í pariwo rẹ̀ ni pé, nínú òfin yẹn kan náà, bí agbanisíṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ síta, ó gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ yẹn fún un.

Àwọn olùkọ́ fásitì mọ apá kìíní òfin náà dáadáa. ASUU, ẹgbẹ́ wọn, yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n lò nílé. Púpọ̀ nínú ìjà wọn jẹ mọ́ àdéhùn kan tí ìjọba ti buwọ́ lù ní ọdún 2009. Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ pàṣẹ ní oṣù Kẹsàn-án pé kí wọ́n padà, wọ́n padà ní oṣù Kẹwàá. Ìjọba Buhari ní òun kò ní sanwó ọjọ́ tí wọn kò ṣiṣẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Tinubu ní kí wọ́n san mẹ́rin nínú oṣù mẹ́jọ náà. Ìjà tó ti inú àdéhùn ọdún 2009 wá ni wọ́n ṣì ń jà ní 2022. Àléébù tó tóbi jù lọ nínú ètò iṣẹ́ wa nìyí: wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó máa rí i pé wọ́n ṣe é. Bó bá wá pé ọdún bíi mélòó kan, òṣìṣẹ́ á gbé ìwé àtijọ́ jáde, iná ọba á tún kú.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbé ọ̀rọ̀ owó oṣù kúrò nínú ìjàkadì. Ní Brazil, ọdọọdún ni wọ́n máa ń tún owó oṣù tó kéré jù lọ ṣe, wọ́n á wo bí ọjà ṣe wọ́n sí àti bí ọrọ̀ ajé ṣe dàgbà sí, ìṣirò á sì jáde. Ó kúrò ní 1,412 real ní ọdún 2024 bọ́ sí 1,518 ní ọdún 2025, kò sì sẹ́ni tó pa iná ìlú nítorí rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kan ló ń gba ìjọba nímọ̀ràn lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó ní London àti Manchester mọ̀ pé bí oṣù Kẹrin bá ti dé, owó wákàtí kan yóò yí: £11.44 ni ní ọdún 2024, ó di £12.21 ní ọdún 2025. Owó náà lè má tó wọn, àmọ́ wọ́n mọ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí òfin ọdún 2024 ṣe ní Nàìjíríà, N70,000 kọ́ ló ṣe pàtàkì jù lójú ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni gbólóhùn kékeré kan tó gé iye ọdún tí wọ́n fi ń tún owó náà yẹ̀ wò kù láti márùn-ún sí mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ló kọjá láàárín ọdún 2000 àti 2011, mẹ́jọ láàárín 2011 àti 2019. Nínú ọdún mẹ́jọ, ọjà lè lọ, kó bọ̀, kó tún lọ. Ọdún mẹ́ta ṣì pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè tí oúnjẹ ti lè fi ìdá 40 gòkè láàárín ọdún kan, ọdọọdún ni ì bá dára jù, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tilẹ̀ ti fi hàn pé N70,000 kọ́ ni òpin. Èkó kéde N85,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Ọ̀yọ́ mú N80,000, Ògùn N77,000, Ọ̀ṣun N75,000. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń san ohun tó dín sí N70,000 fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ọ́fíìsì Mínísítírì Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìdí tí ẹ kò fi ní lọ síbẹ̀ lọ béèrè. Ní ti àtúnyẹ̀wò tó ń bọ̀, oṣù Keje ọdún 2027 ni ọdún mẹ́ta yóò pé. Ọdún ìdìbò ni. Kí olùdíje tó bá dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú ìgbà yẹn sọ iye tó ní lọ́kàn, kó sì sọ ibi tí owó náà yóò ti wá.